Òjò ńlá pàdé òkun tó kún: ta ló ń ṣírò ọjọ́ tí àwọn méjèèjì yóò jọ dé?

Ọmọ_Etíkun · ọjọ́ Ajé, aago 8:14 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Wọ́n fẹ́ tún gọ́tà ńlá àdúgbò wa ṣe. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sún mọ́ òkun, gọ́tà kan ṣoṣo yìí sì ni gbogbo omi òjò wa ń gbà wọ inú òkun. Wọ́n fún àwa tó ń gbé ibẹ̀ ní ìwé ètò iṣẹ́ náà kí a kà á, kí a sọ èrò wa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mejì.

Ojú ewé kan sọ̀rọ̀ nípa òjò: gọ́tà tuntun yóò lè gba irú òjò ńlá tó ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 25. Ojú ewé mìíràn sọ̀rọ̀ nípa òkun: ògiri etíkun yóò dá omi dúró títí dé ibi tí òkun ń kún dé lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 100. Mo wá gbogbo ìwé náà títí, mi ò rí ibi tí wọ́n ti bèèrè pé bí òjò yẹn bá rọ̀ lásìkò tí òkun kún, ibo ni omi máa gbà?

Ohun tí mo fi ojú mi rí ló jẹ́ kí n máa bèèrè. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, oòrùn mú ganrínganrín, òjò ò ta sílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin. Mo ń kọjá lọ, mo rí omi tó ń ru jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú ihò kékeré tó wà lára ìdérí gọ́tà. Mo dúró wò ó. Láàárín wákàtí kan, ó ti tẹ́ kárí ojú títì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gbẹ, ó sì fi àmì funfun sílẹ̀ yíká ìdérí náà. Iyọ̀ ni. Òkun ló gba inú gọ́tà wá bá wa láàárín àdúgbò, lọ́jọ́ tí kò sí òjò rárá. Mo wá ń rò ó pé, ká ní òjò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?

Ṣé ìbéèrè mi bọ́gbọ́n mu, àbí iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà ni kò yé mi?

Aṣọ́_Géètì · ọjọ́ Ajé, aago 9:02 alẹ́

Ìbéèrè yín bọ́gbọ́n mu gan-an ni. Ọdún 17 ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí géètì omi, ohun tí ẹ bèèrè yìí sì ni kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa nígbà òjò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń lé omi jáde nínú gọ́tà ni pé omi inú gọ́tà ga ju omi òkun lọ. Kò sí ẹlòmíràn tó ń tì í. Bí òkun bá ń kún, ìyàtọ̀ gíga yẹn ń dín kù, omi sì ń falẹ̀. Tí ìyàtọ̀ náà bá ku ìdá kan nínú mẹ́rin, omi tó ń jáde á ku ìdajì. Tí òkun bá bá gọ́tà dọ́gba, omi á dúró. Tó bá ga jù ú lọ, omi á yí padà, ohun tí ẹ rí lójú títì yẹn nìyẹn.

Ilẹ̀ tó tẹ́ ló ń mú un burú. Gọ́tà tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 1 péré nínú kìlómítà 1, tí òkun bá fi mítà 1 gbé sókè lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó ń gbé ní ìparí kìlómítà yẹn lè rí i nínú àgbàlá rẹ̀. Kò rí òkun láti ojú fèrèsé, kò mọ̀ pé òkun ló ń bá òun jà.

Ọ̀pọ̀ ibi máa ń so ìdérí irin kan mọ́ ẹnu páìpù tó bá dé òkun. Omi inú lè tì í jáde, omi òde ò lè tì í wọlé. Ó dára nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Mo rántí òru kan tí wọ́n pè mí pé omi ti wọ ilé mẹ́fà, òjò tó sì rọ̀ lóru yẹn kò ju èyí tí èèyàn ń rìn nínú rẹ̀ láìmú agbòjò. Nígbà tí òkun fà, mo sọ̀kalẹ̀ lọ wo ẹnu páìpù. Igi kan tí kò nípọn ju ọwọ́ ọmọdé lọ ló há sábẹ́ ìdérí náà. Àlàfo tó fi sílẹ̀ kò ju ìka mẹ́ta lọ. Ibẹ̀ ni òkun gbà wọlé fún wákàtí mẹ́rin, tí gọ́tà fi kún dẹ́nu kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó já bọ́. Mo fi ọwọ́ ara mi fa igi náà yọ. Mo ṣì ń rí i lójú mi títí dòní.

Nítorí náà, ẹ béèrè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò kàn yín.

Oníṣirò · ọjọ́ Ajé, aago 10:37 alẹ́

Ẹ ṣeun, Aṣọ́_Géètì. Ibi tí ẹ dé yìí ni èmi fẹ́ gbà wọlé, torí àṣìṣe kan wà nínú ìṣirò tí mo ti rí lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹni tó ń kọ irú ìwé ètò bẹ́ẹ̀ lè sọ pé: bí òjò kan kò bá ju ìdá 1 nínú 100 lọ lọ́dún, tí òkun náà kò sì ju ìdá 1 nínú 100 lọ, tí a bá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, ó di ìdá 1 nínú 10,000. Kò wá sí ìdí láti máa dààmú lé e lórí.

Ìṣirò yẹn tọ́ bí àwọn méjèèjì kò bá ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ara wọn. Ẹ wo tọkọtaya kan tí wọ́n jọ ń wọ mọ́tò kan náà lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ ń pẹ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ọjọ́ 10, ìyàwó ń pẹ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ọjọ́ 10. Ẹni tí kò mọ̀ pé mọ́tò kan ni wọ́n ń wọ̀ á ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ọjọ́ 100 ni wọ́n á jọ pẹ́. Irọ́ ni. Ọjọ́ tí mọ́tò bá bà jẹ́ ni àwọn méjèèjì ń pẹ́, ẹ̀ẹ̀kan nínú ọjọ́ 10 sì nìyẹn.

Ìjì ni mọ́tò yẹn níbi tí a wà yìí. Ìjì kan náà tó gbé òjò wá ló ń gbá omi òkun jọ sí etíkun. Níbi tí ìjì bá ń so wọ́n pọ̀ báyìí, òótọ́ wà láàárín 1 nínú 100 àti 1 nínú 10,000, ibi tó sì wà gan-an yàtọ̀ láti ìlú kan sí òmíràn. Ìyẹn ni ìṣirò tó yẹ kí wọ́n ṣe: kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ òjò àti ti òkun fún ọdún púpọ̀, kí wọ́n tò wọ́n pọ̀ ní ọjọ́ sí ọjọ́, wákàtí sí wákàtí bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń rìn pọ̀. Àwọn onímọ̀ ní irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní copula fún irú rẹ̀: ó ń jẹ́ kí èèyàn ya bí òjò ṣe rí sọ́tọ̀, kó ya bí òkun ṣe rí sọ́tọ̀, kó wá wo okùn tó so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. "Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún 100" kì í ṣe ìlérí pé tó bá ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí, ó di ọdún 100 sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lọ́dọọdún, ìdá 1 wà nínú 100. Ẹni tó bá gbé inú ilé kan fún ọdún 30, ìdá 26 nínú 100 ni pé yóò rí i ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Akọ́lé · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:20 òwúrọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ apá kejì.

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mò ń ṣe, mo mọ ohun tí kọnkéré ń ná èèyàn. Bí a bá ní kí wọ́n kọ́ gọ́tà fún òjò tó burú jù lọ àti òkun tó ga jù lọ lẹ́ẹ̀kan náà, owó rẹ̀ á ju agbára ìlú lọ. Ilé ìwé wà, ilé ìwòsàn wà, wọ́n ń dúró de owó kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà yẹn kó fẹ̀ sí i, kó sì jìn sí i. Ohun tí owó lè ṣe nìyẹn. Tí àjálù ńlá bá dé, kò sí ìlú tí kì í fara gbá a.

Aṣọ́_Géètì · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:05 òwúrọ̀

Ẹ̀gbọ́n Akọ́lé, ọ̀rọ̀ owó tí ẹ sọ yẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí òkun ti ga ju ẹnu gọ́tà lọ, tí ẹ bá gbẹ́ ẹ kó jìn sí i, òkun ni ẹ gbẹ́ ilé fún. Òun ni yóò kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Fífẹ̀ wúlò tí géètì bá wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń tì dáadáa: nígbà yẹn, gọ́tà fífẹ̀ á di ibi tí òjò yóò dúró sí títí òkun yóò fi fà. Láìsí géètì, kò wúlò lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù.

Oníṣirò · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:48 òwúrọ̀

Ẹ̀gbọ́n Akọ́lé, mo fẹ́ fi kún un, torí mo rò pé a ò jìnnà síra wa.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi èyí tó burú jù kún èyí tó burú jù. Omi tó dé orúnkún lójú títì yín lè wá láti ọ̀nà púpọ̀: òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá pẹ̀lú òkun tó fà, òkun tó ga kọjá ààlà pẹ̀lú òjò wínníwínní, tàbí òjò tó mọ níwọ̀n pẹ̀lú òkun tó mọ níwọ̀n. Ẹ̀kẹta yìí ló ń já àwọn èèyàn láyà tí wọ́n bá rí i, torí kò sí èyí tó dé ojú ìwé ìròyìn nínú àwọn méjèèjì. Tí ẹ bá ya gbogbo irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ sórí bébà, wọ́n á di ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni láti mọ ìlà yẹn, kó wá yan ibi tí ìpàdé náà ti ṣeé ṣe jù lórí rẹ̀.

Ìṣirò yìí sì lè dín owó kù. Ìlú wà níbi tí òjò ńlá àti òkun gíga ti ń wá ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ọdún. Tí ẹ bá kọ́lé fún àwọn méjèèjì papọ̀ níbẹ̀, ẹ fi owó ṣòfò. Ẹni tí kò ṣírò kò lè mọ ìwọ̀n tí òun ń ná jù tàbí ìwọ̀n tí òun ń ná kéré jù.

Tíṣà_Jọ́gíráfì · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:30 ọ̀sán

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí lọ́dọọdún, inú mi dùn láti rí i níbí.

Òkun ń kún, ó ń fà. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, láti ìgbà tó bá kún sí ìgbà tó tún kún jẹ́ wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Ìdí nìyẹn tí àkókò tó ń kún lọ́la fi máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju tòní lọ. Òṣùpá ló ń fà á, oòrùn ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tí òṣùpá bá yọ roboto, àwọn méjèèjì ń fà lórí ìlà kan, òkun á kún ju ti ọjọ́ mìíràn lọ. Gbogbo èyí ni wọ́n lè kọ sílẹ̀ ní ọdún púpọ̀ ṣáájú.

Ohun tí irú àkọsílẹ̀ yẹn kò lè sọ ni ohun tí ìjì yóò fi kún un. Níbi tí ìjì bá wà, afẹ́fẹ́ kì í tẹ ojú òkun tó bó ṣe yẹ, òkun á sì wú. Fún hectopascal 1 (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan tó) tí afẹ́fẹ́ bá fi fúyẹ́, òkun ń gbé sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1. Ìjì líle lè mú un gbé 40 sókè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fúùfù tó ń ti omi sí etíkun tún wà, ó sì sábà máa ń ju ìyẹn lọ, pàápàá níbi tí òkun kò bá jìn. Ìjì kan náà ló ru omi ojú òfuurufú wá tó fẹ́ da lé ìlú lórí. Mọ́tò kan náà tí Oníṣirò sọ nìyẹn.

Kí ẹni tí ìjì òkun kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ má rò pé kò kan òun. Ká ní òjò tiyín jẹ́ èyí tó ń ṣú lójijì tó sì rọ̀ fún wákàtí kan, tí kò bá òkun tan rárá. Ká sì ní òkun ń dí ẹnu gọ́tà yín fún wákàtí 3 nígbàkígbà tó bá kún. Ìgbà méjì lóòjọ́, wákàtí 6 nìyẹn nínú 24. Òjò tó bá dé nígbà tó wù ú, ó ju ìdá kan lọ nínú mẹ́rin tí yóò bá ẹnu gọ́tà ní títì. Ìdá kan nínú mẹ́rin kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n.

Òpìtàn_Omi · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:11 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Mumbai ní Íńdíà, 26 oṣù Keje, ọdún 2005. Ní Santacruz, mìlímítà 944 ni òjò tó rọ̀ láàárín wákàtí 24. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Lọ́jọ́ kan náà, ní ìlú kan náà, òjò tó rọ̀ ní Colaba tó wà níhà gúúsù kò tó 80. Nígbà tí òjò náà ń rọ̀ lọ́wọ́ ni òkun kún. Odò Mithi kò rí ibi tú omi rẹ̀ sí, ó padà sínú ìlú. Àwọn tó kú ní ìpínlẹ̀ Maharashtra lákòókò náà ju 1,000 lọ. Ọ̀pọ̀ gọ́tà ńlá ìlú yẹn ni ẹnu wọn wà nísàlẹ̀ ibi tí òkun ń kún dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tẹra mọ́ kíkọ́ ibùdó pọ́ǹpù sí ẹnu wọn.

Ìhà àríwá Netherlands, oṣù Kìíní 2012. Èyí ni mo fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n Akọ́lé wò dáadáa. Òjò náà pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Òkun ga, ṣùgbọ́n kò ga kọjá ohun tí wọ́n mọ̀. Àmọ́ ẹ̀fúùfù kò jẹ́ kí òkun fà dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan, géètì tí wọ́n máa ń ṣí nígbà tí òkun bá fà kò ṣeé ṣí, omi òjò wá ń ga lẹ́yìn ògiri tí wọ́n fi ń dá òkun dúró. Wọ́n ní kí ọgọ́rọ̀ọ̀rùn èèyàn kúrò nílé torí ìbẹ̀rù pé ògiri lè ya. Ìjọba tó mọ omi tó bẹ́ẹ̀ ni o.

Houston ní Amẹ́ríkà, oṣù Kẹjọ 2017, ìjì Harvey. Òjò tó rọ̀ ní apá ibì kan ní ìpínlẹ̀ Texas ju mìlímítà 1,500 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, omi Galveston Bay, apá òkun tí omi òjò Houston ń ṣàn lọ, sì ti ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí tó yàtọ̀, kó má dà bí ẹni pé mo ń ṣa èyí tó bá mi lára mu. Ìjì Sandy tó kọlu New York ní oṣù Kẹwàá 2012 wá nígbà tí òṣùpá yọ roboto, omi òkun wọ ọ̀nà rélùwéè abẹ́ ilẹ̀. Òjò tó bá a wá sínú ìlú náà kéré. Ìjì kan lè gbé ọ̀kan wá láìgbé ìkejì. Àmọ́ ìwádìí kan tó jáde ní 2015 lórí àwọn ìlú ńlá etíkun Amẹ́ríkà fi hàn pé ìgbà tí òjò ńlá àti òkun gíga ń jọ dé ti pọ̀ sí i ní ọ̀pọ̀ nínú wọn láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, New York sì wà lára wọn.

Ìyá_Àdúgbò · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:40 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Èmi ò mọ ìṣirò o. Isàlẹ̀ ilé ni mò ń gbé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mi méjì. Kí ni kí n máa wò tí n ó fi mọ̀ pé ọjọ́ òní le?

Aṣọ́_Géètì · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:15 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ mà. Nǹkan méjì ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wò lórí fóònù: àkókò tí òkun máa kún lónìí, àti àkókò tí wọ́n ní òjò máa rọ̀. Tí àlàfo àárín wọn kò bá ju wákàtí méjì lọ, tí oṣù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tí òṣùpá yọ roboto, ẹ gbé ohun tó ṣeyebíye sókè kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì mú àwọn ọmọ lọ sí òkè tàbí sí ilé ẹni tó ga.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí omi bá ti ń wọlé, kí ẹnikẹ́ni má lọ ṣí ìdérí gọ́tà pé kí omi lè lọ. Tí òkun bá kún, kò ní lọ síbì kankan. Ihò tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀ lábẹ́ omi kò ṣeé rí, èèyàn lè jìn sí i. Kí wọ́n pa iná mànàmáná ilé kí omi tó dé ibi tí wáyà wà. Tí òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹ óò rí i tí omi á máa lọ fúnra rẹ̀.

Ọmọ_Etíkun · ọjọ́rú, aago 7:30 òwúrọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo pe ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ìwé náà lánàá. Ó fi sùúrù dá mi lóhùn. Ó ní tí òkun bá dí ẹnu gọ́tà, pọ́ǹpù kan máa wà tó lè fa mítà onígun-mẹ́ta 1, ìyẹn omi tó kún àpótí tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà 1, ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó dà bí ẹni pé ó pọ̀. Ṣé ó tó?

Oníṣirò · ọjọ́rú, aago 9:04 òwúrọ̀

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pa pọ̀. Báwo ni ilẹ̀ tó ń tú omi sínú gọ́tà yẹn ṣe tóbi tó?

Ọmọ_Etíkun · ọjọ́rú, aago 9:20 òwúrọ̀

Ìwé náà ní kìlómítà onígun-mẹ́rin 1. Kọnkéré àti ọ̀dà ló bo èyí tó pọ̀ jù.

Oníṣirò · ọjọ́rú, aago 9:41 òwúrọ̀

Ó dáa. Òjò mìlímítà 50 lórí ilẹ̀ yẹn jẹ́ mítà onígun-mẹ́ta 50,000. Ẹ jẹ́ ká ní ilẹ̀ mu ìdá kan nínú márùn-ún, ó ku 40,000. Pọ́ǹpù yín ń fa 3,600 ní wákàtí kan. Wákàtí 11 ni yóò fi kó o tán. Òkun kò ní dí ẹnu gọ́tà tó wákàtí 11, ẹnu á ṣí lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àmọ́ láàárín wákàtí mẹ́ta yẹn, pọ́ǹpù kò ní tíì kó ju 10,800 lọ. Ibo ni nǹkan bí 29,000 tó kù máa dúró sí? Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n nìyẹn. Inú gọ́tà fúnra rẹ̀ máa gba díẹ̀. Èyí tó kù, ojú títì àti pálọ̀ àwọn èèyàn ni, àyàfi tí wọ́n bá ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún un: adágún, pápá ìṣeré tó rẹlẹ̀ díẹ̀, ibi tó lè rì fún wákàtí mẹ́rin tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Òpìtàn_Omi · ọjọ́rú, aago 12:15 ọ̀sán

Singapore ṣe irú rẹ̀ ní títóbi. Wọ́n ṣí Marina Barrage ní 2008, ìdènà omi tó wà lẹ́nu odò níbi tí ìlú ti pàdé òkun. Géètì 9 ló ní. Tí òjò ńlá bá rọ̀ nígbà tí òkun fà, wọ́n á ṣí géètì, omi á jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ ìgbà tí òkun kún ni, géètì á wà ní títì, pọ́ǹpù ńláńlá 7 á máa fa omi dà sínú òkun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ro òjò àti òkun pọ̀.

Thames Barrier, ìdènà omi tó wà lórí odò Thames ní London, náà kọ́ mi ní nǹkan kan. Òkun tí ìjì ń gbé ga ni wọ́n kọ́ ọ fún. Àmọ́ ní ìgbà òtútù 2013 sí 2014, ìgbà 50 ni wọ́n tì í, 41 nínú rẹ̀ sì jẹ́ nítorí odò tó kún fún omi òjò, kì í ṣe nítorí òkun nìkan. Wọ́n á tì í ní kété tí òkun bá fà tán, kí òkun má lè padà wọlé, kí odò lè rí àyè òfìfo sinmi sí. Géètì kan náà, iṣẹ́ méjì, torí wọ́n mọ àkókò tí ó yẹ kí wọ́n tì í.

Aṣọ́_Géètì · ọjọ́rú, aago 12:50 ọ̀sán

Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí iná pọ́ǹpù yẹn ti ń wá. Ìjì tó gbé omi wá ló máa ń já wáyà iná. Tí jẹnẹrétọ̀ bá wà, ṣé orí ilẹ̀ gíga ló wà? Mo ti rí èyí tí omi bò mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lè tàn án.

Tíṣà_Jọ́gíráfì · ọjọ́rú, aago 3:22 ọ̀sán

Ẹ tún bi wọ́n pé òkun ọdún wo ni wọ́n fi ṣírò. Láti 1901 sí 2018, òkun gbogbo ayé fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ga sí i, ó sì ń yára sí i. Lójú ẹni tó dúró sí etíkun, kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí gọ́tà tí Aṣọ́_Géètì sọ, tí mítà 1 péré ni gbogbo ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀: 20 ti lọ nínú 100 tó ní. Òkun á tètè dí ẹnu rẹ̀, á sì pẹ́ kó tó ṣí i. Afẹ́fẹ́ tó bá fi ìwọ̀n Celsius 1 gbóná sí i lè gbé omi tó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i, ìyẹn ni pé òjò náà ń le sí i láti òkè.

Níbòmíràn, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń rì. Ní àríwá Jakarta, ibi wà tí ilẹ̀ ti rì ju mítà 2 lọ, fífa omi abẹ́ ilẹ̀ sì wà lára ohun tó pọ̀ jù tó fà á. Níbi tó bá rí bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ òkun ti ogún ọdún sẹ́yìn ti di ti ìlú mìíràn.

Ọmọ_Etíkun · ọjọ́bọ̀, aago 8:55 alẹ́

Ẹ wo ohun tí mo kọ fún ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, ẹ bá mi tún un ṣe:

"A dúpẹ́ fún iṣẹ́ tí ẹ ṣe. A rí ìṣirò òjò, a rí ìṣirò òkun. A ń fẹ́ kí ẹ fi ìṣirò àwọn méjèèjì papọ̀ hàn wá: ní ìgbà mélòó ni òjò tó tó mìlímítà 50 ti rọ̀ nígbà tí òkun dí ẹnu gọ́tà, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín? Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ibo ni omi tí pọ́ǹpù kò bá lè kó máa dúró sí, fún wákàtí mélòó? Gíga òkun ti ọdún wo ni ẹ lò, ṣé ẹ fi ti ọdún 50 tó ń bọ̀ sí i? Ibo ni iná pọ́ǹpù ti ń wá tí wáyà bá já?"

Aṣọ́_Géètì · ọjọ́bọ̀, aago 9:10 alẹ́

Ó dára gan-an. Ẹ fi ọ̀kan kún un: ta ni yóò máa sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìdérí ẹnu páìpù nígbà tí òkun bá fà, kí òjò tó dé, àti pé ta ni yóò rọ́pò rẹ̀ tó bá ṣàìsàn? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí owó iṣẹ́ ẹni náà sì wà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Igi tí mo fa yọ lọ́jọ́ yẹn, ó ti wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kò sẹ́ni tí wọ́n ní kó lọ wò ó.

Ọmọ_Etíkun · ọjọ́bọ̀, aago 9:18 alẹ́

Mo ti fi kún un. Àwa 23 la ti fọwọ́ sí i.

Akọ́lé · ọjọ́bọ̀, aago 10:02 alẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀ ọjọ́rú láìsọ nǹkan kan. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Netherlands ni kò kúrò lọ́kàn mi, torí irú òjò yẹn àti irú òkun yẹn ni mo ti ń fojú kéré. Pápá ìṣeré tó rẹlẹ̀ tí Oníṣirò sọ, owó rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí mo rò. Tí wọ́n bá fẹ́ ẹni tó máa bá wọn ya bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe máa rí, mo lè ṣe é, mi ò ní gba owó.